Páálí Tíṣà Kọ̀ǹpútà

Àpótí kékeré kan yọ lójú kọ̀ǹpútà. Ìbéèrè wà nínú rẹ̀. Ọmọbìnrin tí wọ́n ń pè ní Wàràwàrà kò kà á. Ó tẹ Rárá, àpótí náà lọ, iṣẹ́ rẹ̀ náà sì kúrò lójú ẹ̀rọ, bí ìgbà tí èèyàn bá pa ìwé dé. Ó gbọ́wọ́ lé itan. Nínú gbogbo àwọn tó ń ṣèdánwò, òun ló kọ́kọ́ parí.

Ìka rẹ̀ ló fún un lórúkọ yẹn. Kò sí ẹni tó ń yára tẹ̀wé bíi tirẹ̀ ní kíláàsì wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orí páálí ni wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́. Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ni ilé-ìwé wọn ní, inú ọ́fíìsì ọ̀gá ni wọ́n sì tì í mọ́. Tíṣà kọ̀ǹpútà wá gé páálí fíríìjì, ó fi bírò dúdú ya gbogbo bọ́tìnì sí i. Ó ya ojú ẹ̀rọ sókè, ó sì ya àpótí ìbéèrè sáàárín rẹ̀, ó kọ Bẹ́ẹ̀ ni sápá kan, Rárá sápá kejì. Àwọn ọmọ á tò, wọ́n á máa tẹ̀ ẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Bó bá bi yín ní ohunkóhun, kí lẹ máa sọ?" ni tíṣà máa ń wí.

"Rárá, sà."

"N ò gbọ́. Àbí ẹ ò tíì jẹun ni?"

Wọ́n á tún un sọ, gbogbo kíláàsì á sì hó.

Ó nídìí. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ti tẹ Bẹ́ẹ̀ ni rí lórí kọ̀ǹpútà ọ̀gá, ẹ̀rọ náà sì dákú fún odidi sáà kan. Tíṣà ni ọ̀gá bá wí, níwájú àwọn ọmọ. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá.

Ilé-ìwé mìíràn ló ní yàrá ìdánwò yìí. Ó tutù, ó ń rùn bíi rọ́bà tuntun. Nígbà tí Wàràwàrà kọ́kọ́ fọwọ́ kan bọ́tìnì gidi, ṣe ló wọlẹ̀ lábẹ́ ìka rẹ̀, ẹ̀rù sì bà á. Lẹ́yìn náà ìka mọ̀nà. Ìyá rẹ̀ ló ń rò bó ti ń tẹ̀wé. Aṣọ ibùsùn ni ìyá ń fọ̀ ní ilé ìwòsàn. Ilé ìwòsàn náà ń wá ọmọbìnrin tí yóò máa tẹ orúkọ àwọn aláìsàn, ẹni tó bá ṣáà ti yege nínú kọ̀ǹpútà. Ìyá ti bá wọn sọ̀rọ̀.

"Wọ́n ní àwọn á dúró dè ọ́," ló wí láàárọ̀. "Má jẹ́ kí n fọ aṣọ wọn tán, kí n tún wá fọ ìtìjú mọ́ ọn."

Obìnrin tó ń ṣọ́ ìdánwò dé ẹ̀yìn rẹ̀. Ó tẹ ibì kan, ó tún tẹ ibòmíì.

"Iṣẹ́ tìẹ dà?"

"Mo ti parí ẹ̀, mà."

"Mo rí ọ tó o ń tẹ̀ ẹ́. Ibo lo tọ́jú ẹ̀ sí?"

"Ó wà níbẹ̀, mà. Mo kàn pa á dé ni."

Obìnrin náà nàka sí ojú ẹ̀rọ. "Ó bi ọ́ pé ṣé kí òun tọ́jú ẹ̀. Kí lo dá a lóhùn?"

"Rárá, mà."

"Kí ló dé?"

"Bí wọ́n ṣe kọ́ wa nìyẹn."

Obìnrin náà wo aago. Ó wo ẹ̀rọ tó tẹ̀ lé e, àti èyí tó tẹ̀ lé ìyẹn. Àwọn ọmọ ilé-ìwé wọn ló jókòó síbẹ̀. Àwọn náà ti gbọ́wọ́ lé itan, wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Kò sí nǹkan kan lójú ẹ̀rọ wọn.

"Àkókò ti tán, ọmọ mi," ló wí. Kò bi àwọn yòókù léèrè mọ́.

Ẹyin lohùn, bó bá bọ́, kò ṣeé kó. Ó pẹ́ tí Wàràwàrà ti ń gbọ́ òwe yẹn. Kò mọ̀ pé èsì téèyàn bá fún ẹ̀rọ wà lára rẹ̀.

Ìbòòji ògiri ni tíṣà dúró sí níta, páálí lábẹ́ apá rẹ̀. Ó ti lọ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ títí ó fi ń dán.

"Ṣó bi yín?"

"Ó bi wá, sà."

"Kí lẹ sọ?"

"Rárá, sà."

"Wàràwàrà ló kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́, sà," ni ọ̀kan nínú wọn wí. "Kò tiẹ̀ kà á."

Tíṣà rẹ́rìn-ín. Láti ìgbà tí ọ̀gá ti bá a wí, Wàràwàrà kò rí eyín rẹ̀ rí.

"Mo mọ̀ pé ẹ ò ní dójú tì mí," ni tíṣà wí. Ó na páálí sí Wàràwàrà. "Ìwọ ni kó o gbé e délé-ìwé. Kíláàsì tó ń bọ̀ ló kàn."

Wàràwàrà lanu. Ó wo ẹ̀rín náà. Ó gba páálí, ó ní, "Ẹ ṣé, sà."

Lójú ọ̀nà, ó rọra rìn lẹ́yìn àwọn yòókù tó ń ṣàwàdà. Ó yí ojú páálí síta. Ìka wọn ti jẹ lẹ́tà púpọ̀ lára rẹ̀. Rárá ti ṣá, èèyàn ní láti wò ó dáadáa kó tó rí i. Ṣùgbọ́n Bẹ́ẹ̀ ni ṣì dúdú minimini, bó ṣe wà lọ́jọ́ tí tíṣà kọ ọ́.

Ó fi ìka tẹ̀ ẹ́. Kò wọlẹ̀.