Àwọn Ọlọ́fun Dúdú Orí Òkè

Oríṣi aláǹgbá méjì ló ń gbé òkè kan. Ìbátan ni wọ́n, àmọ́ ìbátan tí kì í yà kí ara wọn nílé. Ọlọ́fun ìyeyè, tí ọ̀fun ẹ̀ pọ́n bí èso ìyeyè, ń gbé ìsàlẹ̀, níbi tí oòrùn ti ń mú; ọlọ́fun dúdú ń gbé orí àpáta lókè, níbi tí atẹ́gùn tútù ti ń fẹ́. Odò gbígbẹ kan ló pààlà sí wọn láàárín. Létí odò yẹn nìkan ni wọ́n ti máa ń pàdé. Wọ́n á mi orí síra wọn, kálukú á sì gba ilé ẹ̀ lọ.

Obìnrin kan wà tó jẹ́ pé ààlà yìí ni iṣẹ́ ẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ gíga ló gbà á pé kó máa ṣọ́ ọ. Bíríkìlà ni àbúrò ẹ̀, àwọn ọmọ iṣẹ́ àbúrò yìí ló sọ obìnrin náà ní Ìyá Aláǹgbá, kò sì bínú sí i. Ohun tó ń dùn ún ni pé àbúrò ẹ̀ gan-an ló ń kọ́lé gun òkè. Bí ilé ṣe ń gòkè ni ọlọ́fun ìyeyè ń bá a gòkè, torí búlọ́ọ̀kù a máa gba oòrùn sára bí ìkòkò orí iná. Wọ́n ti ré odò kọjá tipẹ́. Òkìtì àpáta kan ṣoṣo ní ṣóńṣó òkè ló kù fún ọlọ́fun dúdú.

Ó bẹ àbúrò ẹ̀. "Má fọwọ́ kan àpáta yẹn, nítorí tèmi."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fọkàn balẹ̀. Ẹni tó bá débẹ̀, èmi àti ẹ̀ ni."

Kò pẹ́ sí i ni wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún obìnrin náà, ó sì pẹ́ lórí ìdùbúlẹ̀. Nígbà tó fi máa lè gun òkè, òjò ti dá, ọ̀gbẹlẹ̀ ti mú. Àbúrò ẹ̀ ló dì í lọ́wọ́ mú, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tó gbé nǹkan pamọ́.

Ó ti mọ ògiri yí òkìtì àpáta náà ká. Ògiri ọ̀hún ga dé àyà, ó sì rẹ́ ẹ títí ó fi ń dán.

"Katakata fẹ́ẹ̀ gbá a lọ lọ́jọ́ kan," ló wí. "Mo bá ní kí n dáàbò bò wọ́n fún yín. Àwọn àgbà ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò ráyè wọ ibẹ̀. Ẹ wá ibi tó lanu níbẹ̀, ẹ ò ní rí i."

Obìnrin náà kò wá ibi tó lanu. Orí ògiri ló ń wò. Ọlọ́fun ìyeyè tò síbẹ̀ lọ bẹẹrẹ, wọ́n ń yáàrùn. Ó fọwọ́ kan ògiri náà, ó gbóná. Ó rọra gùn ún wọnú ẹ̀, ó ń tú abẹ́ òkúta títí ojú ọgbẹ́ ẹ̀ fi ń ta á. Ọlọ́fun dúdú kan péré ló rí, abo, arúgbó, ìrù ẹ̀ ti gé.

"Ṣé wọ́n wà níbẹ̀?" àbúrò bi í láti ẹ̀yìn ògiri.

"Ọ̀kan wà."

Obìnrin náà gbé e lọ síbi iṣẹ́, ó fi í sínú àpótí gíláàsì. Ẹyin wà níkùn aláǹgbá náà, ó sì yé wọn. Fún ìgbà díẹ̀, obìnrin náà ń tètè jí, ó ń kọrin bó bá ń wẹ̀. Nígbà tí ẹyin pa, ó gbé àwọn ọmọ sábẹ́ iná lọ́kọ̀ọ̀kan, ó gbé àgbọ̀n wọn sókè. Kò sí èyí tó dúdú. Kò sí èyí tó pọ́n bí ìyeyè. Ọ̀fun wọn rí bí omi tí wọ́n fi fọ burọ́ọ̀ṣì ọ̀dà.

Nírọ̀lẹ́, àbúrò yà wá. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ gíláàsì. "Àwọn ẹyin ti pa. Ẹ kú oríire o."

Obìnrin náà yíjú kúrò níbi àpótí.

"Kí ló dé?"

"Akọ ìsàlẹ̀ ló gùn ún. Kò sí akọ tiwọn mọ́."

"Báwo ni ti ìsàlẹ̀ ṣe débẹ̀? Pẹ̀lú bí mo ṣe rẹ́ ògiri yẹn..." Láti kékeré ló ti ń mọ ògiri; kò sẹ́ni tó máa kọ́ ọ bí búlọ́ọ̀kù ṣe ń gbóná. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Màá wó o. Lọ́la, màá wó o."

"Ta lo fẹ́ wó o fún?"

Jẹ́jẹ́ ló sọ ọ́. Ì bá jágbe mọ́ ọn, ì bá sàn.

Abo arúgbó yẹn kò jẹun mọ́ lẹ́yìn tó yé, ó sì kú. Obìnrin náà sọ fún àwọn ọ̀gá ẹ̀ pé kò sí ààlà tóun ń ṣọ́ mọ́. Wọ́n ní kò burú, wọ́n ní kó lọ máa to egungun ẹja ní yàrá kejì. Àbúrò kò wó ògiri. Ẹni tó ra ṣóńṣó òkè wò ó, ó ní ó lágbára, kí bíríkìlà kàn gbé e ga sí i, kó kan òrùlé lé e. Ó sì gbé e ga.