Ẹsẹ̀ Tó Fò ní Vancouver

Nígbà tí dókítà sọ fún un pé ẹsẹ̀ òsì ọkọ rẹ̀ ti ń kú, pé gígé ló kù, Ọmọ́níkẹ́ kò sunkún. Ohun tó kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn ni pé òun fẹ́ jókòó. Àga kan ṣoṣo ló wà nínú yàrá kékeré náà, dókítà ló sì wà lórí rẹ̀, nítorí náà ó fara ti ògiri, ó ń gbọ́.

"Egbò yẹn ti wọ eegun, Màmá," ni dókítà wí. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni, ojú òun náà pọ́n bí ojú ẹni tí kò sùn. "Tá a bá fi sílẹ̀ báyìí, á máa gòkè ni. Ẹ bá wa bá Bàbá sọ̀rọ̀. Àwa ti sọ ọ́ títí, wọn ò gbọ́."

"Kí ni wọ́n sọ fún yín?"

"Wọ́n ní ẹsẹ̀ tí àwọn fi fò ní Vancouver nìyẹn."

Ọmọ́níkẹ́ mí kanlẹ̀. Ó ti mọ̀ pé ohun tí yóò sọ nìyẹn.

Kò sí ẹni tó mọ Akínyẹlé ní Ìtirẹ́ tí kò mọ ìtàn Vancouver. Ní ọdún 1954, nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́, tó ń ṣe akọ̀wé ní rélùwéè ní Ẹ̀búté Mẹ́ta, wọ́n mú un mọ́ àwọn tó lọ ṣojú Nàìjíríà níbi ìdíje ńlá tí àwọn ilẹ̀ abẹ́ Gẹ̀ẹ́sì jọ ń ṣe, eré sísá àti fífò, ní ìlú Vancouver lọ́hùn-ún ní Kánádà. Fífò sókè ni tirẹ̀. Wọ́n á gbé ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan lé orí òpó méjì, èèyàn á sáré wá, á fò ó kọjá láìjẹ́ kó já bọ́. Ẹsẹ̀ òsì yìí ló máa ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ kó tó gbéra. Ọmọ ilẹ̀ wa kan ló gba wúrà lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n kì í ṣe Akínyẹlé. Òun fò, ó tún fò, títí wọ́n fi gbé ọ̀pá dé ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló gbìyànjú ibẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni itan rẹ̀ gbá ọ̀pá bọ́ sílẹ̀. Bó ṣe parí nìyẹn. Ó padà sídìí tábìlì rẹ̀ ní rélùwéè, ibẹ̀ ló sì wà títí ó fi fẹ̀yìn tì.

Nígbà tí Ọmọ́níkẹ́ jẹ́ ìyàwó tuntun, ìtàn náà dùn mọ́ ọn. Nígbà tí wọ́n bí ọmọ méjì, ó ṣì ń pa á lẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tó fi di ọdún 1991 tí à ń wí yìí, bí ọkọ rẹ̀ bá ti la ẹnu pé, "Lọ́jọ́ tá a dé Vancouver," á dìde, á wá nǹkan ṣe nínú kíṣìnnì.

Àtọ̀gbẹ ló mú Akínyẹlé. Bàtà tuntun kan ló bó o ní àtàǹpàkò ẹsẹ̀ òsì, egbò kékeré tí wọ́n rò pé yóò gbẹ. Kò gbẹ. Oṣù mẹ́ta ni Ọmọ́níkẹ́ fi ti ilẹ̀kùn ìsọ̀ rẹ̀ ní Tejúoṣó, níbi tó ti ń ta bọ́tìnnì, síìpù àti òwú ìránṣọ. Ọkùnrin gíga ni ọkọ rẹ̀, egungun rẹ̀ sì wúwo. Èjìká ìyàwó ló fi ń rọ̀ dé balùwẹ̀, èjìká yẹn náà ló fi ń rọ̀ padà. Obìnrin náà á fọ egbò, á fọ aṣọ egbò, á fọ ilẹ̀, síbẹ̀ òórùn rẹ̀ kò kúrò lára kọ́tìnì. Tiwalọlá ọmọ wọn wà nílé ọkọ ní Jọ́ọ̀sì pẹ̀lú oyún, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin sì wà lókè òkun. Kò sí ẹni tí yóò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi dé ọsibítù, àárẹ̀ rẹ̀ ti kọjá èyí tí oorun lè wò.

Ó wọkọ̀ lọ sí Mushin lọ pe Christopher. Òun àti Akínyẹlé ni wọ́n jọ lọ sí Vancouver. Eré ọgọ́rùn-ún yáàdì ni Christopher sá, wọ́n sì já a sílẹ̀ ní ìpele àkọ́kọ́. Láti ìgbà yẹn ni wọ́n ti ń bára wọn rìn.

"Ẹ bá mi bá a sọ ọ́, Bọ̀dá Christopher," ni Ọmọ́níkẹ́ wí. "Á gbọ́ tiyín."

"Màá sọ ọ́, ìyàwó wa. Fi ọkàn balẹ̀."

Ó dé lọ́sàn-án ọjọ́ kejì pẹ̀lú ọsàn nínú ọ̀rá. Akínyẹlé wò ó láti orí bẹ́ẹ̀dì.

"Ṣé wọ́n rán ẹ ni?"

"Ta ni yóò rán mi? Ọsàn ni mo gbé wá."

Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ka àwọn tó ti kú nínú àwọn tí wọ́n jọ lọ. Wọ́n sọ̀rọ̀ oúnjẹ òyìnbó tí kò ní ata, àti bí Christopher ṣe gbé ata gígún pamọ́ sínú àpótí rẹ̀, tí gbogbo yàrá fi ń wúkọ́ lọ́jọ́ tó tú u. Akínyẹlé rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Aláìsàn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Ọmọ́níkẹ́ jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ó ń retí ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n ní bí ojú bá ń ṣepin, ojú náà là ń fi hàn. Nígbà tó ṣe, Christopher dìde, ó gbọn ṣòkòtò rẹ̀.

"Akin, ó dàbọ̀. Olúwa á ṣe é."

Ọmọ́níkẹ́ tẹ̀ lé e dé ẹnu géètì.

"Ẹ ò sọ ọ́."

Christopher kò wojú rẹ̀. "Mo fẹ́ sọ ọ́. Nígbà tí mo rí i tó ń rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ náà kọ̀ láti jáde. Má bínú."

Kò bínú. Inú bíbí gba agbára, agbára yẹn kò sì sí lára rẹ̀.

Nígbà tó padà, Akínyẹlé ti ń bó ọsàn.

"Ìwọ lo pè é."

"Èmi ni."

"Ṣé ìwọ náà fẹ́ kí wọ́n gé e?"

Ọmọ́níkẹ́ jókòó sórí ẹní tó tẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó tú gèlè rẹ̀. "Mo fẹ́ sùn, Bàbá Tiwa."

"Kí ló kan oorun nínú ọ̀rọ̀ tá à ń sọ?"

"Ó ti rẹ̀ mí. Tẹ́ ẹ bá ní kí wọ́n gé e, màá tọ́jú yín. Tẹ́ ẹ bá ní kí wọ́n má gé e, tó bá yọrí sí ikú, màá sin yín. Àmọ́ mi ò lókun àtimáa bẹ̀ yín mọ́."

Akínyẹlé gbé ọsàn náà sílẹ̀. "Bí wọ́n bá gé e, ta ni yóò máa gbé mi lọ balùwẹ̀ bí ọmọ ọwọ́?"

"Ta ló ń gbé yín láti oṣù mẹ́ta?"

Ó wo ìyàwó rẹ̀, ó wá rí bó ṣe gbé èjìká ọ̀tún sókè ju tòsì lọ.

"Èjìká yẹn ń dùn ẹ́?"

"Ó ń dùn mí."

"O ò sọ fún mi."

"Vancouver lẹ máa ń sọ. Mi ò ráyè."

Bóyá ó fèsì, bóyá kò fèsì, Ọmọ́níkẹ́ kò mọ̀, nítorí oorun ti gbé e lọ níbi tó jókòó sí. Nọ́ọ̀sì ló jí i nírọ̀lẹ́. "Màmá, ẹ dìde. Bàbá ti gbà." Akínyẹlé ti kọjú sí ògiri. "Kí wọ́n tètè ṣe é," ló wí, "kí n tó yí ọkàn padà."

Lọ́jọ́ tí wọ́n gé e, Christopher wá jókòó ti Ọmọ́níkẹ́ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Iṣẹ́ náà parí, wọ́n ní Bàbá wà láàyè, kò tíì jí. Òṣìṣẹ́ kan wá yọjú, ó ní kí ni mọ̀lẹ́bí fẹ́ ṣe sí ẹsẹ̀ náà. Ọmọ́níkẹ́ kò tíì ronú kan ìyẹn rí láyé rẹ̀. Christopher ló dìde.

"Ẹ gbé e fún mi," ló wí.

Wọ́n fi aṣọ funfun wé e, wọ́n fi ọ̀rá wé e lé e, wọ́n gbé e sínú páálí. Christopher gbé e lé itan nínú takisí, Ọmọ́níkẹ́ jókòó tì í, títí wọ́n fi dé itẹ́ òkú Atan ní Yábàá. Ọkùnrin tó bá wọn gbẹ́lẹ̀ wo bí páálí náà ṣe mọ, ó rọra béèrè pé, "Ẹ kú ọ̀fọ̀. Ọmọ ọdún mélòó ni?"

"Ó ti lé lọ́gọ́ta," ni Christopher dáhùn.

Ọkùnrin náà fara ti ṣọ́bìrì, ó wò wọ́n.

Nígbà tí wọ́n bò ó tán, Christopher ṣí fìlà láti gbàdúrà, ṣùgbọ́n kò mọ irú àdúrà tí à ń gbà fún ẹsẹ̀. "Olúwa, a dúpẹ́," ló sọ, ó dé fìlà padà. Bí wọ́n ṣe ń jáde lọ, ó ní, "Ṣé ó sọ fún ẹ rí pé ṣe ló sùn?"

"Níbo?"

"Nígbà tá à ń bọ̀ láti Vancouver. Àwọn tó gba àmì ẹ̀yẹ ń kọrin nínú ọkọ̀ òfúrufú. Akin kò bá wa sọ̀rọ̀, kò jẹun. Ó kàn ká ẹsẹ̀ gígùn yẹn mọ́ra, ó sùn títí a fi dé London. A rò pé ara rẹ̀ ò yá."

Gbogbo ọdún tó fi ń gbọ́ ìtàn náà, Ọmọ́níkẹ́ kò gbọ́ ìyẹn rí. Wọ́n dúró de ọkọ̀.

Nígbà tí Akínyẹlé jí dáadáa, ohun tó kọ́kọ́ béèrè ni ibi tí wọ́n gbé e sí.

"Atan," ni Ọmọ́níkẹ́ wí.

"Ta ló gbé e?"

"Bọ̀dá Christopher."

"Ó ṣeun," ló wí, ó sì di ojú.

Kò rọrùn lẹ́yìn ìyẹn. Káfíńtà kan ní Ìtirẹ́ kan igi àfitilẹ̀ méjì fún un. Ó ṣubú, ó jágbe mọ́ gbogbo èèyàn, ó tún dìde. Nígbà tí ọyẹ́ fi mú, ó ti ń dá lọ balùwẹ̀, ó sì sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé kó lọ ṣí ìsọ̀ rẹ̀.

Ọmọ́níkẹ́ lọ. Ó gbọn eruku kúrò lórí àwọn páálí bọ́tìnnì, ó so síìpù kọ́ bó ṣe yẹ. Lẹ́yìn náà, ó jókòó, ó gbé orí lé tábìlì, oorun gbé e lọ. Sìmíátù tó ń ta aṣọ ọmọdé nísọ̀ ẹ̀gbẹ́ kò jí i. Òun ló ń bá a dá àwọn oníbàárà lóhùn títí di ọ̀sán.