Àga Keje

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí inú ṣe ń bí àgbàlagbà, kó wá wo oníbàtà yìí lọ́jọ́ ìpàdé ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ẹ̀kẹrin. Láti aago mẹ́sàn-án ló ti wà lórí àga líle ní yàrá òkè ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní ìpínlẹ̀ náà, tó ń wo lọ́yà méjì tí wọ́n ń jiyàn bóyá apá òsì ìwé ẹ̀rí ló yẹ kí òǹtẹ̀ wà ni, tàbí apá ọ̀tún. Ẹ gbọ́ ná, òǹtẹ̀! Aago méjìlá sì ti lù.

Adájọ́ méje ni òfin ní kó máa jókòó nílé ẹjọ́ náà. Ọ̀kan nínú wọn ti pé àádọ́rin ọdún, ó sì ti lọ sinmi. Kí ẹlòmíràn tó lè jókòó sórí àga rẹ̀, ìgbìmọ̀ ẹni méje ni yóò yẹ àwọn tó fẹ́ ipò náà wò, wọn á fi orúkọ mẹ́ta ránṣẹ́ sí gómìnà, gómìnà á sì mú ọ̀kan. Adájọ́ Àgbà ni alága ìgbìmọ̀. Àwọn lọ́yà dìbò yan mẹ́ta láàárín ara wọn, gómìnà sì mú mẹ́ta tí kì í ṣe lọ́yà, kí mẹ̀kúnnù náà lè lẹ́nu níbẹ̀. Bí oníbàtà ṣe débẹ̀ nìyẹn. Ogún ọdún ló fi ṣe alága ẹgbẹ́ àwọn oníbàtà láìbá ẹnikẹ́ni jà, wọ́n ní ó ní sùúrù. Wọn ò tíì kó o sáàárín àwọn lọ́yà nígbà náà ni.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ti ní kí wọ́n jẹ́ káwọn yan èèyàn láàárọ̀ yẹn, ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n padà sórí òǹtẹ̀. Nígbà tó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹrin, ọ̀kan nínú àwọn lọ́yà rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Bàbá, ẹ má bínú. Ọ̀rọ̀ òfin ni."

"Àga ṣófo, ẹ wá èèyàn sí i! Òfin wo ló tún kù?" Oníbàtà mú fìlà rẹ̀ nílẹ̀.

Ìyá agbẹ̀bí tó jókòó tì í dì í lápá aṣọ mú. Gómìnà ló mú òun náà síbẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó. Ẹni méjì ò wá lónìí. Tẹ́ ẹ bá jáde, a ò pé mọ́."

"Ẹ fi òǹtẹ̀ dípò mi," ló wí, ó sì bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Ìbínú ò mọ̀ pé olúwa òun ò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Akọ̀wé ka àwọn tó kù, wọ́n jẹ́ mẹ́rin. Ẹni márùn-ún ló gbọ́dọ̀ wà níjókòó kí orúkọ kankan tó lè jáde. Bí ìpàdé bá sì tú báyẹn, wọ́n á tún lẹ ìkéde tuntun mọ́ ògiri fún ogójì ọjọ́ kí wọ́n tó lè padà jókòó. Nígbà tí lẹ́tà tó sọ bẹ́ẹ̀ dé ṣọ́ọ̀bù, oníbàtà fi í tẹ́ abẹ́ agolo gọ́ọ̀mù. Ó ní ìyẹn á kọ́ wọn lọ́gbọ́n.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tó jẹ́ aránṣọ, ní ẹjọ́ nílé ẹjọ́ yìí kan náà. Ọmọ rẹ̀ obìnrin kú níjọ́ tó bímọ, láti ọjọ́ náà ló sì ti ń tọ́ ọmọ-ọmọ rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Ẹlẹ́rìn-ín. Ọdún mẹ́fà rèé. Bàbá ọmọ, tí kò wá wò ó rí, dé lójijì, ó lóun ń mú un lọ sí ìlú tóun ń gbé. Kóòtù ìsàlẹ̀ gbè é. Ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn tí aránṣọ pè bọ́ sáàárín ogójì ọjọ́ yẹn.

Oníbàtà mọ ọjọ́ náà. Ó ti búra pé òun ò ní sọ̀rọ̀ ẹjọ́ ẹnikẹ́ni níwájú ìgbìmọ̀, ó sì pa á mọ́. Ohun tí kò rò ni pé àga àti ẹjọ́ jọ tan. Lójú tirẹ̀, adájọ́ ni adájọ́, wọn ì báà jẹ́ mẹ́fà, wọn ì báà jẹ́ méje.

Lọ́sàn-án ọjọ́ ìdájọ́, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wọ ṣọ́ọ̀bù, ó gbé bàtà kékeré kan dání.

"Mẹ́ta ní kí ọmọ dúró, mẹ́ta ní kó lọ," ló wí.

"Ta ló wá borí?"

"Kò sẹ́ni tó borí. Lọ́yà mi ní tó bá ti rí báyẹn, ìdájọ́ ti kóòtù ìsàlẹ̀ ló dúró. Ọjọ́ Ẹtì lọmọ ń lọ." Ó jókòó sórí àpótí. "Mo bi í pé ẹni keje wá ńkọ́. Ó ní àga ẹ̀ ṣófo, pé ìgbìmọ̀ kan ò tíì yan èèyàn síbẹ̀. Àbúrò mi, ṣé kì í ṣe ìgbìmọ̀ yín ni?"

"Àwa ni, Àǹtí."

"Kí ló dé tẹ́ ò yàn án?"

Orúkọ àwọn lọ́yà méjèèjì dé ètè rẹ̀. Ó gbé e mì. "Mo bínú jáde nípàdé, a ò wá pé mọ́."

"Kí ló bí ẹ nínú?"

"Òǹtẹ̀."

Aránṣọ ń nu eruku ara bàtà náà. Ì bá pariwo, ara ì bá tu oníbàtà díẹ̀. Ìtìjú mú un wá àwáwí.

"Bóyá ẹni keje náà ì bá ní kó lọ," ni oníbàtà wí.

"Bóyá. Ǹ bá ṣáà gbọ́ ọ lẹ́nu ẹ̀." Ó gbé bàtà náà lé orí tábìlì. "Bá mi rán ìdí ẹ̀. Wọ́n ní ìrìn pọ̀ láti ibùdókọ̀ délé bàbá ẹ̀."

Bàtà ọmọ ọdún mẹ́fà kì í gba oníbàtà tó mọṣẹ́ ní ìdajì wákàtí. Ó fi gbogbo ọ̀sán rán an, ó ń tú u, ó ń tún un rán.

Ọjọ́ karùn-ún tí Ẹlẹ́rìn-ín lọ ni ìgbìmọ̀ tún jókòó. Oníbàtà ló kọ́kọ́ dé, akọ̀wé ò tíì ṣílẹ̀kùn. Nígbà tó di aago mẹ́wàá, lọ́yà kan gbé ìwé ẹ̀rí sókè, ó ní òun ṣì fẹ́ padà sórí ọ̀rọ̀ òǹtẹ̀. Oníbàtà bọ́ fìlà rẹ̀, ó fi í sábẹ́ àga, ó sì ń gbọ́ wọn.