Bàbá Mélòó Lo Ní?

Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, ẹ̀yin èèyàn mi. Ìtàn tí mo mú wá kò gùn. Ọ̀rọ̀ kékeré kan ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ọ̀rọ̀ tí gbogbo wa ń sọ láràárọ̀ kí á tó rin orín.

Orúnkún Fọláfúnmi ti kanlẹ̀ kí ìyá akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ tó yọjú láti ẹ̀yìnkùlé. Òwúrọ̀ Sátidé ni, ní Òkukù, ìrì ò tíì gbẹ lára iyanrìn àgbàlá. Ọmọ Ìkìrun ni Fọláfúnmi, tíṣà Gẹ̀ẹ́sì ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní Inísà. Kò dá wá. Ẹni tó ń lọ bẹ̀bẹ̀ kì í dá lọ, ìdí nìyí tó fi bẹ Ìyáàfin Rọ́fíàt, àgbà tíṣà tó ń kọ́ni ní ìṣirò, pé kí wọ́n sin òun. Nínú mọ́tò, wọ́n ti fi í ṣẹ̀fẹ̀ títí.

"Gbogbo Gẹ̀ẹ́sì tó wà lórí rẹ yìí, Yorùbá lo máa fi bẹ̀bẹ̀ lónìí o. Má lọ sọ 'sọ́rì' fún ìyá olọ́mọ."

Fọláfúnmi ò lè rẹ́rìn-ín.

"Ẹ dìde, tíṣà," ni Láníkẹ́, ìyá náà, wí. "Iyanrìn á ba aṣọ yín jẹ́."

Ó gbé àga fún wọn, ó bu omi fún wọn. Ó béèrè ọ̀nà, ó béèrè ilé. Ìkíni náà pé, kò fo ọ̀kankan. Ìyẹn gan-an ló ba Fọláfúnmi lẹ́rù. Ẹni tó ń bínú tó ń pariwo, èèyàn mọ ibi tí òun ti máa dì í mú.

Ohun tó gbé wọn wá nìyí. Níbẹ̀rẹ̀ táàmù, Fọláfúnmi ṣí búlọ́ọ̀gì fún kíláàsì rẹ̀, ojú-ewé kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tí àwọn ọmọ ń fi fóònù kọ àròkọ sí, tí ẹnikẹ́ni sì lè kà kó fèsì sábẹ́ rẹ̀. Ohun tó dáa ni. Àwọn ọmọ tí kì í lanu ní kíláàsì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ. Àwọn ọmọ ìlú tó wà l'Ékòó àti n'Ìbàdàn ń kà á, wọ́n ń yìn wọ́n. Ibẹ̀ náà ni tíṣà ti ń tún Gẹ̀ẹ́sì wọn ṣe, lójú gbogbo ayé, pẹ̀lú àwàdà, kí wọ́n lè rẹ́rìn-ín kí wọ́n sì rántí.

Ni Ọmọ́jọlá, ọmọ Láníkẹ́, bá kọ nípa bàbá rẹ̀, Adérógbà, tó ti kú. Ó kọ bí wọ́n ṣe máa ń gbé òun sórí kẹ̀kẹ́ lọ sóko, bí wọ́n ṣe máa ń ṣí fìlà tiwọn bo òun lórí tí òjò bá dé. Ṣùgbọ́n gbogbo ibi tó yẹ kó kọ 'he', 'they' ló kọ. Wọ́n gbé mi. Wọ́n pa mí lẹ́rìn-ín. Wọ́n kú. Fọláfúnmi kà á, ó rẹ́rìn-ín, ó sì fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: ta ni 'they'? Bàbá mélòó lo ní?

Ní Gẹ̀ẹ́sì, àwàdà ni. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ò dúró sínú Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tó fi dé Òkukù, ó ti di Yorùbá. Ẹ̀yin náà kúkú mọ ẹni tí a bú, tí a bá bi ọmọ pé bàbá mélòó ló ní.

"Ìyá Ọmọ́jọlá," ni Rọ́fíàt bẹ̀rẹ̀, "ẹ forí jì í. Kò mọ̀ pé ibẹ̀ ló máa já sí."

"Mo ti pa á rẹ́, mà," ni Fọláfúnmi wí. "Ọjọ́ tí mo gbọ́ náà ni mo ti pa á rẹ́. Kò sí níbẹ̀ mọ́."

"Ẹ ṣé o. Ẹ wá bá mi pa á rẹ́ lẹ́nu Bọ́lájí, àbúrò ọkọ mi. Àárín ẹbí ló ti kà á jáde nínú fóònù. Ó ní, 'Tíṣà rẹ̀ pàápàá ti rí i pé kò jọ wá.' Ọmọ mi wà ní ìjókòó, tíṣà. Ó gbọ́."

Fọláfúnmi dorí kodò. Ẹyin tó fọ́, èèyàn lè nu ilẹ̀ ibẹ̀ kó mọ́ tónítóní. Ìyẹn ò sọ ọ́ di ẹyin padà.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ jẹ́ kó padà wá sílé-ẹ̀kọ́. Ìdánwò ìparí ti dé tán. Kò sí ẹlòmíì tó ń kọ bíi tirẹ̀ nínú wọn."

Láníkẹ́ pe ọmọ rẹ̀. Ọmọ́jọlá jáde, ó kúnlẹ̀ kí wọn, ó kí wọn dáadáa. Kó tó di pé ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, ó na fóònù sí tíṣà rẹ̀.

"Mo ti tún un ṣe, mà."

Àròkọ náà ni. Fọláfúnmi kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Kò sí 'they' kankan níbẹ̀ mọ́. 'He' ló wà níbi gbogbo. Gírámà rẹ̀ tọ́ bí ebè tí àgbẹ̀ gidi kọ. Kẹ̀kẹ́ wà níbẹ̀, fìlà wà níbẹ̀, òjò ń rọ̀. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tó wà lórí kẹ̀kẹ́ náà ti di ẹnì kan ṣáá, bí ìgbà tí èèyàn ń ròyìn ọmọ àdúgbò kejì.

"Ṣé ó ti dáa báyìí, mà?"

"Ó ti dáa," ni Fọláfúnmi wí.

"Màá wá ṣe ìdánwò, mà. Ṣùgbọ́n mi ò ní kọ nípa bàbá mi mọ́. Ẹnu mi ò gbà á kí n máa pè wọ́n ní 'ó'."

Kò bínú sọ ọ́. Ó gba fóònù rẹ̀, ó wọlé lọ.

Nínú mọ́tò tí wọ́n wọ̀ padà, wọ́n ti kọjá Inísà tán. Ni fóònù Fọláfúnmi bá dún. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ni, láti Ìbàdàn, ó ń béèrè bàbá wọn.

"Wọ́n wà dáadáa," ni Fọláfúnmi dá a lóhùn. "Wọ́n ti jẹun kí n tó jáde. Orúnkún ló ń dùn wọ́n díẹ̀. Wọ́n ní kí n kí ọ, wọ́n..."

Ó gbọ́ 'wọ́n' náà lẹ́nu ara rẹ̀.

"Hẹ̀lóò? Àǹtí mi, wọ́n ṣe kí ni?"

Fóònù wà létí rẹ̀, àbúrò rẹ̀ ń pè é, ẹnu rẹ̀ ṣì wà lójú ọ̀rọ̀ náà, kò lè pa á dé.

Ìyáàfin Rọ́fíàt, tí wọ́n jókòó tì í, kọjú sójú fèrèsé bí ẹni tí kò rí nǹkan kan. Àwọn náà ló fẹnu ara wọn sọ ọ́ fún mi. Ibi tí wọ́n bá a dé ni mo bá yín dé.