Ilẹ̀kùn Ọkọ̀ Pupa

"Ṣé o rí i báyìí?" Ọkọ Ìyá Gọ́ọ̀mù gbé ìdajì ilẹ̀kùn ọkọ̀ náà dání bí ẹni gbé àwo oúnjẹ. "Mo kàn tì í ni o. N ò tiẹ̀ fi agbára tì í."

Ìyá Gọ́ọ̀mù gba ìdajì náà lọ́wọ́ rẹ̀. Orúkọ tí wọ́n fún un ní ṣọ́ọ̀bù nìyẹn, torí ohun tó bá ti lẹ̀ kì í ṣí. Ọkọ̀ pupa yìí, tí wọ́n fi fáíbà ṣe kó lè jọ ọkọ̀ eré-ìje àtijọ́, ni àkọ́kọ́ tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un láti dá ṣe. Ìpele fáíbà méjì ló fi gọ́ọ̀mù so pọ̀ di ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan. Ọ̀la ni ẹni tó ni ín ń bọ̀ wá wà á lọ.

"Bóyá kí n pe ẹlòmíì kó bá wa parí ẹ̀," ọkọ rẹ̀ wí, ohùn rẹ̀ rọ̀ pẹ̀sẹ̀. Rírọ̀ yẹn gan-an ló dun obìnrin náà wọra.

"Ẹ fún mi di ọ̀la, ọkọ mi."

Ó mú ṣíbí, ó fi ẹ̀yìn ṣíbí náà kan ilẹ̀kùn kejì káàkiri. Kò síbi tí kò dún bí agolo òfìfo, àmì pé gọ́ọ̀mù ò dì í mú. Ó wo ojú ibi tó ṣí: gọ́ọ̀mù ò fi nǹkan kan sílẹ̀, fáíbà abẹ́ rẹ̀ sì ń dán. Bẹ́ẹ̀ òun fúnra rẹ̀ ló fi sánpépà ha á kó lè rí págunpàgun, kí gọ́ọ̀mù lè ríbi dì mú. Ó gbóòórùn rẹ̀. Òórùn pọ́líìṣì àga!

Ìyá ọkọ rẹ̀ ń kọjá lọ tòun ti àkísà. Màmá kì í rí eruku kó jókòó.

"Màámi, ṣé ẹ fọwọ́ kan ilẹ̀kùn yìí kí n tó lẹ̀ ẹ́?"

"Mo nù ún dáadáa! O ti ha á kiri, ó wá rí gbáúngbàùn. Mo ní kí wọ́n má lọ sọ pé ìyàwó ọmọ mi lọ́bùn, ni mo bá fi pọ́líìṣì mi kùn ún. Àbí kò dán?"

"Ó dán, Màámi. Ó dán débi pé gọ́ọ̀mù ń yọ̀ lórí ẹ̀."

Àkísà bọ́ lọ́wọ́ Màmá. "Yéè! Ṣé èmi ni mo ba iṣẹ́ ẹ jẹ́?"

Inú ń bí Ìyá Gọ́ọ̀mù, irọ́ kọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tó rí ojú ìyá náà, ẹ̀rín ló já lẹ́nu rẹ̀. Ó na sánpépà sí i. "Ó yá, Màámi, ẹ bá mi ha á."

Wọ́n tú ilẹ̀kùn méjèèjì palẹ̀, wọ́n fi tínà fọ pọ́líìṣì kúrò, wọ́n sì ń ha á. Màmá ń kùn yùnmùyùnmù pé òun ò rírú ẹ̀ rí, kéèyàn máa ba nǹkan jẹ́ kó tó lè dáa. Nígbà tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù tuntun sí i tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́ra, Màmá gbé àga síwájú rẹ̀, ó jókòó ṣọ́ ọ. Ọmọ rẹ̀ na ìka láti fọwọ́ kàn án, Màmá gbá a lọ́wọ́ dànù. "Gbéwọ́ kúrò níbẹ̀!"

Lọ́jọ́ kejì, ọlọ́kọ̀ dé. Ọkọ rẹ̀ rọra ń ti ilẹ̀kùn bí ẹni tí ọmọ ń sùn nílé. Màmá tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó fa ilẹ̀kùn ṣí, ó sì fi gbogbo agbára tì í. Gbàm! Ó tún un ṣe. Gbàm!

"Màmá, ẹ rọra o!" ọlọ́kọ̀ pariwo.

"Ẹ fọkàn balẹ̀," Màmá fèsì. "Ìyàwó mi ló lẹ̀ ẹ́."

Kò sí nǹkan tó ṣí. Inú Ìyá Gọ́ọ̀mù dùn débi pé ó fẹ́ ké. Ọlọ́kọ̀ wá ń bi ọkọ obìnrin náà bóyá wọ́n lè ṣe irú ẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n òun.

"Ẹ bi ọ̀gá," ọkọ rẹ̀ wí, ó nàka sí ìyàwó rẹ̀.

Màmá ti mú àkísà àti pọ́líìṣì jáde. Ó dúró, ó wojú ìyàwó ọmọ rẹ̀. "Ṣé mo lè nu ti òde?"

"Ẹ nù ún, Màámi. Ẹ jẹ́ kó dán."