Ríìmù Ẹ̀yìn Lọ́wọ́ Òsì

Ọdún mẹ́tàlá ni Mujeebah ti ń tún ìdí ọkọ̀ ṣe ní Múṣín. Tí ọkọ̀ bá ń dún lábẹ́, tí sítíárìn bá ń fà sápá kan, tí táyà bá ń jẹ ní ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n máa ń gbé e wá. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, Teslim, tó jẹ́ wẹ́dà, ń jó irin mọ́ irin ní ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù kan náà. Bàbá wọn ló fi ibẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn méjèèjì.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń jẹ́ Iṣẹ́olúwa wa Subaru aláwọ̀ búlúù wọlé. Irú ọkọ̀ eré tí ẹ́ńjìnnì ń yí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ni. Bàbá rẹ̀ ló ni ín. Ó ti di ọdún méjì tí bàbá náà ti kú, láti ìgbà yẹn ni ọkọ̀ sì ti wà lábẹ́ tapólì nínú ọgbà wọn ní Àgùdà, Sùúrùlérè, títí ọmọ fi rí iṣẹ́ kọ̀ǹpútà sí Yábàá, tó sì gbé e jáde.

"Àǹtí, mo fẹ́ kí ẹ bá mi yí ẹsẹ̀ rẹ̀ padà," ó wí. "Ríìmù, táyà, sípíríìnì. Àwa tí a ń wa irú ọkọ̀ yìí máa ń pàdé lọ́jọ́ Sunday. Tèmi nìkan ló rí bí ọkọ̀ bàbá àgbà."

Mujeebah rẹ́rìn-ín. Ó gbé ọkọ̀ náà sókè, ó wọ abẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, ó fọwọ́ mi gbogbo búṣì rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bàbá yẹn tọ́jú ọkọ̀. Kò sí ìpẹtà púpọ̀ níbẹ̀. Nígbà tó jáde, ó fa àga méjì, àwọn méjèèjì jókòó.

"Ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń ṣiṣẹ́," ó sọ fún un, "torí náà táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀kan náà. Ìwọ̀n kan, irú kan, kí wọ́n jọ jẹ́ tuntun. Tí o bá fi méjì tuntun síwájú, tí o fi méjì tó ti jẹ sẹ́yìn, wọn ò ní máa yí bákan náà. Gíà á máa bá ara rẹ̀ jà títí tó fi máa bàjẹ́. Tí o bá sì fẹ́ ra táyà, má wo bó ṣe ń dán. Nọ́ńbà mẹ́rin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni kó o wò. Méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ṣe é, méjì tó kù ni ọdún."

Iṣẹ́olúwa ń kọ ọ́ sínú fóònù rẹ̀ bí ọmọ ilé ìwé.

Ọ̀rọ̀ sípíríìnì ló kàn. Ó fẹ́ kí ọkọ̀ náà sún mọ́ ilẹ̀ débi pé ìka méjì péré ló máa wọ àárín táyà àti ara ọkọ̀.

"Ṣé Costain lo máa gbà lọ sílé àbí pápákọ̀ òfuurufú?" Mujeebah bi í.

Ọmọkùnrin náà gbà pé kòtò ọ̀nà Costain pọ̀ jù fún ọkọ̀ tó sún mọ́ ilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n fẹnu kò sí sípíríìnì tó máa sọ̀ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀, pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì tuntun tó bá a mu, torí pé sípíríìnì kúkúrú lórí ṣọ́ọ̀kì àtijọ́ máa ń jẹ́ kí ọkọ̀ máa ta bíi bọ́ọ̀lù ni.

Ibi ríìmù ni ohùn wọn ò ti ṣọ̀kan. Ínṣì mẹ́tàdínlógún ni Mujeebah ní kó rà. Ó ṣàlàyé pé bí ríìmù bá ṣe ń tóbi sí i ni ara táyà á ṣe máa tín-ín-rín sí i, bẹ́ẹ̀ ara táyà yẹn ló ń gba agbára kòtò kó tó dé ríìmù. Ṣùgbọ́n ojú Iṣẹ́olúwa ti lọ sára ògiri. Ríìmù mẹ́rin kọ́ síbẹ̀, ínṣì méjìdínlógún, aláwọ̀ idẹ.

"Àwọn yẹn ni mo fẹ́," ó wí.

"Wọ́n tóbi jù fún ọ̀nà wa."

"Màá máa rọra wà á. Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́. Tí kì í bá ṣe àwọn yẹn, ẹ jẹ́ kí n lọ sí Ìlúpéjú. Ọ̀gá kan wà níbẹ̀ tó ń bá àwọn ọ̀rẹ́ mi ṣe é."

Ìgbà Ramadan ni Mujeebah ra àwọn ríìmù náà ní ọjà Ládípọ̀. Ìgbà tó dé ilé ló rí i pé ọ̀kan nínú wọn ti ya lápá inú. Teslim bá a jó o, ó fi féèlì rẹ́ ojú rẹ̀, ó kùn ún, kò sì sẹ́ni tó lè mọ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tó ń gbé e fún un, ó ní, "Èyí ò gbọdọ̀ wọ ọkọ̀ tó ń gbé èèyàn. Fi ṣe ẹ̀ṣọ́ ògiri."

Mujeebah rántí ọ̀rọ̀ yẹn dáadáa. Ṣùgbọ́n ó tún mọ ọ̀gá Ìlúpéjú yẹn. Ọkùnrin náà ti sọ lójú àwọn èèyàn rí pé ọkọ̀ akérò ni obìnrin lè tún ṣe, pé kí wọ́n má gbé ọkọ̀ eré fún un. Ọkọ̀ eré kan kò sì tíì wọ ṣọ́ọ̀bù Mujeebah rí. Ó wò ó bí Subaru yẹn á ṣe dúró láàárín àwọn yòókù lọ́jọ́ Sunday, tí wọ́n á máa bèèrè ẹni tó ṣe é.

"Ó dáa," ó wí. "Gbé wọn sọ̀ kalẹ̀."

Ẹ̀yìn lọ́wọ́ òsì ló fi èyí tó ya sí. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé iwájú ni ẹ́ńjìnnì wà, pé ẹ̀yìn ò ru ẹrù púpọ̀. Lẹ́yìn tó ṣe aláímẹ́ntì tán, tí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tọ́ bó ṣe yẹ, ó ya fótò ọkọ̀ náà láti ọ̀nà mẹ́fà. Ó rẹwà lóòótọ́.

Lẹ́yìn tí Iṣẹ́olúwa gbé e lọ, Mujeebah kò lè jẹun ọ̀sán lọ́jọ́ náà. Ó gbé fóònù, ó tẹ̀ ẹ́ pé, "Iṣẹ́olúwa, dá ọkọ̀ padà, mo fẹ́ pààrọ̀ ríìmù kan." Ó pa á rẹ́. Lọ́jọ́ kejì ó tún tẹ̀ ẹ́, ó tún pa á rẹ́. Nígbà tó di Sunday, fótò wọlé: ọkọ̀ mọ́kànlá lórí ìlà kan, Subaru búlúù láàárín. Iṣẹ́olúwa kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Gbogbo wọn ń bèèrè yín." Inú Mujeebah dùn, ìdùnnú yẹn sì bo ìyókù mọ́lẹ̀.

Ọjọ́ Friday tó tẹ̀ lé e ni Iṣẹ́olúwa gbé màmá rẹ̀ lọ ra nǹkan ọbẹ̀ ní Òtò. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni màmá náà. Ẹrù kún àga iwájú, ló bá jókòó sẹ́yìn lápá òsì. Bí wọ́n ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lórí bíríìjì tó lọ sí Costain, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn bọ́ sí kòtò kan, kòtò tí kò tó nǹkan, ríìmù sì fọ́ sí méjì. Ọkọ̀ pòòyì, ó fi ẹ̀yìn gbá ògiri bíríìjì. Nǹkan kan ò ṣe Iṣẹ́olúwa. Èjìká màmá rẹ̀ kán, apá òsì rẹ̀ sì kán níbi méjì.

Láti ọsibítù ni Iṣẹ́olúwa ti pe Mujeebah.

"Àǹtí, ẹ sọ fún mi, mi ò gbọ́. Ẹ ní ó tóbi jù fún ọ̀nà wa. Èmi ni mo ṣe é fún màmá mi. Ẹ má bínú sí mi."

"Báwo ni màmá ṣe wà?" Mujeebah bi í.

Ọkọ̀ tó ń wọ́ ọkọ̀ tó bàjẹ́ ló wọ́ Subaru náà dé lọ́jọ́ kejì. Àwọn tó wọ́ ọ wá ju ríìmù tó fọ́ náà sínú bùtù. Mujeebah gbé àwọn ègé rẹ̀ síta, ó sì rí i: ojú ibi tí wọ́n jó gan-an ló ti ya, ó tọ́ bí ìlà tí wọ́n fi rúlà fà. Teslim jáde láti ẹ̀yìn, ó wò ó, ó wo àbúrò rẹ̀, ó sì padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n dá màmá náà padà sílé, Mujeebah ra ọsàn àti mọ́òtì, ó lọ kí i ní Àgùdà. Báńdéèjì di apá màmá náà mọ́ àyà. Iṣẹ́olúwa ló ṣílẹ̀kùn. Ó ti rù. Ó kí i, ó fún un lómi, ó sì padà sínú yàrá.

"Ọmọ yìí ò jẹun dáadáa láti ọjọ́ náà," màmá náà wí. "Làbákẹ́, àbúrò bàbá rẹ̀, wá síbí. Ó sọ ọ́ lójú gbogbo ará ilé pé torí fàájì ló ṣe fẹ́ pa mí. Ọmọ náà ò sì fèsì, ó gbà bẹ́ẹ̀. Ìwọ lo mọ iṣẹ́ náà, Mujeebah. Ṣé ẹ̀bi rẹ̀ ni?"

"Ọ̀nà ló bàjẹ́, mà," Mujeebah dáhùn.

Màmá náà ní, "O ṣeun. Màá sọ fún un pé o sọ bẹ́ẹ̀."

Ìdúpẹ́ yẹn ló lé e jáde nínú ilé náà. Kò rántí bó ṣe dé Múṣín. Teslim ti jókòó dè é lórí bẹ́ǹṣì.

"Ojú ibi tí mo jó ló ti ya," ó wí.

"Mo mọ̀, Ẹ̀gbọ́n."

"Ọmọkùnrin yẹn pè mí lánàá. Ó ní kí n bá òun bẹ̀ ọ́, pé o kìlọ̀ fún òun, òun ò gbọ́."

"Kí lẹ sọ fún un?"

"Mi ò sọ nǹkan kan. Kì í ṣe ẹnu mi ló yẹ kó ti gbọ́ ọ." Ó dìde. "Tí o bá máa sọ ọ́, dárúkọ mi mọ́ ọn. Èmi ni mo jó o tí ojú rẹ̀ fi dán. Ó yẹ kí n ti gé e sọnù nígbà náà."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Mujeebah kó ègé ríìmù méjèèjì sínú àpò, ó padà sí Àgùdà. Ó bẹ̀bẹ̀ pé kí Iṣẹ́olúwa jókòó ti màmá rẹ̀. Ó kó wọn jáde sórí kápẹ́ẹ̀tì, ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

"Kì í ṣe títóbi ló fọ́ ọ," ó wí. "Ó ti ya tẹ́lẹ̀. A jó o, a kùn ún. Ẹ̀gbọ́n mi ní mi ò gbọdọ̀ fi sẹ́sẹ̀ ọkọ̀ kankan. Mo fi sẹ́sẹ̀ tìrẹ."

Iṣẹ́olúwa mú ègé irin kan. "Ìgbà tí mo ń yàn án, ẹ mọ̀?"

"Mo mọ̀."

"Ìgbà tí mo pè yín láti ọsibítù, tí mo ń bẹ̀ yín?"

"Mo mọ̀."

Ó dìde, ó jáde. Wọ́n gbọ́ tí géètì dún.

Màmá rẹ̀ ò pariwo. Ó bèèrè pé, "Lánàá, tí mo bi ọ́, kí ló dé?"

"Ẹ̀rù bà mí, mà."

"Ẹ̀rù ba ọmọ tèmi náà. Ojoojúmọ́ ló ń wo apá yìí, tó ń sunkún." Ó fi ọwọ́ ọ̀tún mú fóònù rẹ̀. "Má tíì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ mi. Làbákẹ́ bú u lójú èèyàn. Ohun tí o sọ fún wa, sọ ọ́ fún òun náà."

Mujeebah sọ ọ́ lórí fóònù, ọ̀rọ̀ kan tẹ̀ lé èkejì, láìfi nǹkan kan pamọ́. Àǹtí Làbákẹ́ ní kó má kúrò níbẹ̀. Ó dé. Ó bú u títí ohùn fi há a, Mujeebah sì wà lórí ìkúnlẹ̀. Nígbà tó rẹ̀ ẹ́, ó jókòó, ó ní, "Níbo ni Iṣẹ́olúwa wà? Ẹ bá mi pè é."

Oṣù méjì ni Mujeebah àti Teslim fi tún ọkọ̀ náà ṣe. Àwọn ríìmù tí bàbá Iṣẹ́olúwa fi ń wà á ni wọ́n dá padà sí i. Mẹ́ta aláwọ̀ idẹ tó kù, Teslim gé wọn wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Mujeebah fúnra rẹ̀ kọ ohun tó ṣe ránṣẹ́ sí àwọn tó ń pàdé lọ́jọ́ Sunday. Láti ìgbà náà, ọkọ̀ eré kankan ò wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ mọ́. Ẹni tó wá gba Subaru náà kì í ṣe Iṣẹ́olúwa, dírébà kan ló rán wá.

Apá màmá náà jinná, ṣùgbọ́n kò lè gbé e kọjá èjìká mọ́. Mujeebah ń lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ Saturday, ó ń bá a fọ aṣọ, ó ń bá a di irun. Màmá náà gbà á láyè láìsọ pé òun ti dárí jì í, Mujeebah náà ò sì bèèrè. Tí Iṣẹ́olúwa bá wà nílé, á kí i, á sì jáde.

Saturday kan lóṣù Keje, kò jáde. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, níbi tí Mujeebah ti ń fún aṣọ.

"Àǹtí, mo ti ta ọkọ̀ dádì mi," ó wí.

Omi ń kán láti ọwọ́ Mujeebah.

"Mo sọ gbogbo ohun tó ṣe é fún ẹni tó rà á," ọmọkùnrin náà wí. "Mi ò fi nǹkan kan pamọ́ fún un."

Ó padà sí yàrá. Mujeebah tẹ̀ ba abọ́, ó fún aṣọ tó kù, ó sì kó wọn lọ sá.