Àyè Kan Tó Ṣófo Nínú "Ìrì Ìdájí"

Mo lá àlá kan lóru àná, ẹ̀yin ará. Ẹni tó bá gbọ́ ọ tán tó ní irọ́ ni, kó gbé jìtá rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ káfíńtà, kó bá a tún un ṣe.

Nínú àlá náà, mo jókòó ní ìsọ̀ mi níbí tí mo ti ń tún jìtá ṣe, mo fẹ́ pààrọ̀ okùn kan lára jìtá mi. Ẹ mọ̀ pé n kì í kánjú sí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo ki ẹnu okùn bọ ihò, mo wé e mọ́ kọ́kọ́rọ́ tí a fi ń fà á, mo bẹ̀rẹ̀ sí í yí i díẹ̀díẹ̀. Mo yí i títí, kò le. Okùn ń wọlé, kò tán.

Mo bi jìtá pé, "Kí ló ń ṣe ọ́?"

Jìtá ní, "Kò sí nǹkan tó ń ṣe mí. Orí kejì okùn ni kò sí lọ́dọ̀ mi. Ẹ wòkè."

Mo wòkè. Okùn náà ti gba ojú fèrèsé jáde, ó sì lọ bá ilé iṣẹ́ ìjọba alájà mẹ́ta kan tó ń léfòó lójú ọ̀run. Ọwọ́ ilẹ̀kùn rẹ̀ ni wọ́n so ó mọ́. Kò yà mí lẹ́nu. Ohun tí mo rò ni pé okùn tó bá lè fa ilé alájà mẹ́ta, okùn gidi ni, mo sì fẹ́ béèrè ibi tí wọ́n ti ń tà á. Mo ń yí kọ́kọ́rọ́ lọ, ilé ń sọ̀ kalẹ̀. Nígbà tí ohùn okùn fi máa pé, àtẹ̀gùn ilé ìjọba ti kan ẹnu ọ̀nà ìsọ̀ mi. Mo gbé jìtá kọ́ apá, mo wọlé.

Jìtá ní, "Ẹ má fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́ mọ́ o. Bí okùn bá dẹ̀, wọ́n á padà sókè, kò sì sẹ́ni tó mọ ìgbà tí wọ́n máa tún wá sẹ́nu iṣẹ́."

Àwọn oníjìtá bí ogójì ló tò sórí ìlà nínú ilé náà. Orin kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ń lù, "Ìrì Ìdájí", oníkálukú ń lù ú yára ju ẹni tó wà níwájú rẹ̀ lọ, bí ìgbà tí òjò ń bọ̀ tí aṣọ wà lórí okùn. Láwuyì, ìwọ tó jókòó sáàárín wọn yẹn, má fojú burúkú wò mí. Ìwọ náà wà níbẹ̀. Ìwọ lo wà níwájú pátápátá, pẹ̀lú jìtá pupa tí o ta ilẹ̀ bàbá rẹ rà.

Láwuyì ní, "Ṣé mo lù ú dáadáa, ẹ̀gbọ́n?"

"O lu ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nígbà mẹ́tàdínlógún."

"Ó dáa. Àlá yẹn kì í ṣe irọ́, ẹ máa sọ ọ́ lọ."

Fún ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, "Ìrì Ìdájí" ni orin tí gbogbo oníjìtá Ìkìrun yìí fi kọ́ṣẹ́. Jìtá nìkan ló wà nínú rẹ̀, kò sẹ́ni tó la ẹnu kọrin sí i. Orí kásẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo la ti kọ́ ọ. Ẹ̀rọ ti jẹ téèpù kásẹ́ẹ̀tì náà láàrin, ẹni tó ni ín sì gé ibi tó bàjẹ́ kúrò, ó fi sẹ́lótéèpù dí àlàfo rẹ̀. Sẹ́lótéèpù ò ní ohùn. Nítorí náà, bí orin bá débẹ̀, á dákẹ́ fún ìwọ̀n ìgbà tí ẹsẹ̀ ń balẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, á tún máa lọ. Báírò la fi ń yí kásẹ́ẹ̀tì yẹn padà sẹ́yìn, a yí i títí ihò rẹ̀ fi fẹ̀. A kọ́ orin náà, a kọ́ ìdákẹ́ náà mọ́ ọn. Àwọn ọ̀gá wa kan tilẹ̀ ń sọ pé ibi ìdákẹ́ yẹn ni ìjìnlẹ̀ orin wà, wọ́n á sì dijú bí wọ́n bá débẹ̀. Ọjọ́ tí ẹnì kan wá fi èyí tó pé hàn wá lórí fóònù, tí kò dákẹ́ níbì kankan, kò sẹ́ni tó fẹ́ ẹ. Ó dà bí ẹni tó ń rojọ́ láìmí.

Ẹ jẹ́ ká padà sínú ilé ìjọba.

Akọ̀wé tó ń dá àwọn ènìyàn lóhùn níbẹ̀ ni Ìyáàfin Mopélọ́lá. Láti ìbàdí lọ sísàlẹ̀, tábìlì ni. Dúrọ́ọ̀ rẹ̀ kan ṣí sílẹ̀, ẹ̀pà ló kún inú rẹ̀. Mo kí i, mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́, mà."

"Iṣẹ́ ò tíì bẹ̀rẹ̀. Kí lẹ bá wá?"

"N kò bá nǹkan wá, mà. Okùn ló fà mí wá."

"Orin wo lẹ máa ń lù?"

"Ìrì Ìdájí."

Ó fa dúrọ́ọ̀ kejì, ó mú fáìlì kan tó nípọn bí búrẹ́dì jáde. "Ọ̀rọ̀ yín ló wà nílẹ̀ yìí. Ọ̀gá àgbà ti rí i pé àyè kan ṣófo láàrin orin yín. Lónìí ni wọ́n máa fi orúkọ wọn sí i."

"Orúkọ ta ni?"

"Orúkọ ọ̀gá, ta ni ì bá tún jẹ́? Láti òní lọ, ẹni tó bá ń lù ú, tó bá dé àyè yẹn, á pe orúkọ ọ̀gá. Ẹni tí kò bá pè é, ìka rẹ̀ á gbàgbé orin náà." Ó ju ẹ̀pà méjì sẹ́nu. "Àṣẹ ni, kì í ṣe èmi."

Mo wo ìka mi. Ọgbọ̀n ọdún ni orin yẹn ti wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá yọ ọ́ kúrò, n kò mọ ohun tí yóò kù, torí òun ló kọ́ wọn ní gbogbo èyí tí wọ́n mọ̀.

Mopélọ́lá gbé òǹtẹ̀, ó lù ú mọ́ ògiri. Ògiri ṣí bí ilẹ̀kùn, gbogbo wa sì bọ́ sínú orin náà.

Pápá ni inú "Ìrì Ìdájí". Okùn mẹ́fà nà gbalaja lórí ilẹ̀ bí ojú irin ọkọ̀, ìrì sì wà lórí koríko. Láàrin pápá ni ilẹ̀ kan wà tí koríko ò hù sí, sẹ́lótéèpù ń dán lẹ́bàá rẹ̀ lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Ọ̀gá àgbà dúró sí àárín rẹ̀. Ó ti ri pátákó mọ́lẹ̀, wọ́n sì kọ orúkọ rẹ̀ sára rẹ̀: Olóyè Dókítà Ẹnjiníà Alàgbà Ṣówándé Ọláṣebìkan.

Ó ní, "Ìwọ lo ń tún jìtá ṣe ní Ìkìrun?"

"Èmi ni, sà."

"Ta ló ni àyè yìí?"

"Kò sẹ́ni tó ni ín, sà."

"Ilẹ̀ tí kò bá lórúkọ, ìjọba ló ni ín. Èmi sì ni ìjọba, títí dìgbà tí mo bá fẹ̀yìn tì." Ó rọra gba pátákó rẹ̀ létí, bí ẹni ń gba ẹṣin lọ́rùn. "Sọ fún mi. Orin mẹ́ta ni wọ́n kọ fún mi lọ́dún tí mo joyè. Ọ̀rọ̀ dídùn ló kún inú wọn. Kò sẹ́ni tó ń lu ọ̀kankan mọ́. Kí ló dé tí ẹ kò fi èyí sílẹ̀, tí kò sọ nǹkan kan?"

Mo ní, "Sà, kò sí ìka tó ríbi sùn nínú orin yìí. Àtàǹpàkò ń rìn nísàlẹ̀ bí àgbẹ̀ tó ń lọ sóko, àwọn ìka yòókù ń ṣeré lókè. Ẹnì kan ló jókòó, ẹ óò rò pé ènìyàn méjì ni. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n lù, kò sí jìtá tó máa bà á lẹ́rù. Orin tí wọ́n kọ fún yín, sà, ẹ̀yin ló ń kí. Orin tó bá ń kí ọlọ́lá, ọjọ́ tí ọlọ́lá bá ṣubú ni òun náà ń ṣubú. Èyí ò kí ẹnikẹ́ni, kò sì sẹ́ni tó máa bá kú."

"Ohun tí mo ń wí gan-an nìyẹn," ọ̀gá ní. "Èyí tí kì í kú ni mo fẹ́ wà nínú rẹ̀."

Ẹ má rò pé òmùgọ̀ ni. Ó mọ ilẹ̀ tó dára bó bá rí i.

Èmi náà kò bá a jiyàn. Bí igi bá le, n kì í bá a jà, mo máa ń wọ̀n ọ́n ni. Mo ní, "Ó dáa, sà. Ẹ jẹ́ ká wò ó bóyá ẹ óò gba ibẹ̀."

Mo fi ẹsẹ̀ ka àyè náà: ẹ̀ẹ̀mejì. Mo ní kó pe orúkọ rẹ̀ bó ṣe wà lára pátákó, mo tún fẹsẹ̀ kà á. Ẹ̀ẹ̀mẹ́tàlá. Mopélọ́lá fi ẹ̀pà kà á wò, iye kan náà ni.

Mopélọ́lá ní, "Ẹ yọ síta, sà."

Ọ̀gá ní, "Ẹ fẹ àyè náà."

Mo ní, "Bí mo bá fẹ̀ ẹ́, sà, orin á já sí méjì. Àárín òkú méjì lẹ máa wà."

Ó bọ́ "Olóyè" kúrò lọ́rùn bí ẹni bọ́ agbádá, ó gbé e fún Mopélọ́lá. Bàtà rẹ̀ méjèèjì di pátákò. A tún kà á, ó ṣì gùn. Ó bọ́ "Dókítà", etí rẹ̀ fà wálẹ̀. Ó bọ́ "Alàgbà", irùngbọ̀n tín-ín-rín kan yọ lágbọ̀n rẹ̀. Ibi "Ẹnjiníà" ló ti kọ̀.

Ó ní, "N kò ní bọ́ Ẹnjiníà. Ilé ìwé ni mo ti gba ìyẹn."

Mopélọ́lá ní, "Àwọn yòókù ńkọ́, sà?"

Ọ̀gá bọ́ ọ, ó bá fọwọ́ kanlẹ̀, ó di ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin. Àwọn oníjìtá ogójì pàtẹ́wọ́, torí ẹni tó ń pàtẹ́wọ́ fún ọ̀gá kì í wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìwọ Láwuyì dọ̀bálẹ̀.

Láwuyì ní, "Irọ́ ni."

"O tilẹ̀ ki í ní 'Ẹ pẹ́ fún wa, sà'."

Orúkọ rẹ̀ nìkan ló wá kù, síbẹ̀ ó ṣì yọ síta. Ó gé e níwájú, ó gé e lẹ́yìn. Nígbà tó gé e tán, "mẹ̀ẹ́" ló kù. Mo fẹsẹ̀ kà á: ẹ̀ẹ̀mejì géérégé.

Ẹ̀rù wá bà mí gan-an, torí ó gba ibẹ̀. Bí ewúrẹ́ yìí bá ké lẹ́ẹ̀kan péré nínú àyè yẹn, ó ti di tirẹ̀ nìyẹn. Gbogbo ẹni tó bá ń lu "Ìrì Ìdájí", àti ẹni tí wọn ò tíì bí, á máa dé àárín orin, á dijú, á sì ké bí ewúrẹ́. Mo mọ̀ yín. Ẹ óò máa sọ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ yín pé ibẹ̀ ni ìjìnlẹ̀ rẹ̀ wà.

Mopélọ́lá gbé òǹtẹ̀ sókè, ó ní, "Ẹ lù ú ká gbọ́. Bó bá wọlé, mo lu òǹtẹ̀ nìyẹn."

A bẹ̀rẹ̀. Ewúrẹ́ dúró sórí ilẹ̀ tó ṣófo, ó ń tún ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ ṣe. Ọwọ́ mi méjèèjì wà lórí jìtá, n kò lè dá a dúró, bí mo bá sì ṣi ìka gbé, orin á kúrò lọ́wọ́ mi títí láé. Mo ń lù, mo ń wò yíká. Fáìlì tó nípọn bí búrẹ́dì yẹn wà nílẹ̀ nítòsí ẹsẹ̀ mi, inú rẹ̀ ni Mopélọ́lá kó gbogbo oyè tí ọ̀gá bọ́ sí. Ẹsẹ̀ yẹn ni mo fi ń ka ìlù. Mo ń retí. Jìtá sọ jẹ́jẹ́ létí mi pé, "Ó ku mẹ́rin. Ó ku mẹ́ta." Mo ní kó dákẹ́, mo mọ orin mi.

Ó ku ẹyọ kan, ewúrẹ́ la ẹnu. Mo gbé ẹsẹ̀ tó yẹ kó balẹ̀, mo fi ti fáìlì sí i lẹ́nu.

Ewúrẹ́ kì í rí ìwé kó má jẹ ẹ́. Ó gé "Olóyè" jẹ. Ẹsẹ̀ àwọn oníjìtá ogójì balẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó balẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, gbogbo pápá dákẹ́ rọ́rọ́. Àtàǹpàkò mi bọ́ sójú ọ̀nà, orin ń lọ.

Mopélọ́lá wo ewúrẹ́ tó ń jẹun, ó wo àyè náà, ó lu òǹtẹ̀. Ohun tó kọ síbẹ̀ ni pé: "A yẹ̀ ẹ́ wò. Kò sẹ́ni tó ni ín." Ó fún mi ní ẹ̀kúnwọ́ ẹ̀pà, ó ní èrè iṣẹ́ mi nìyẹn. Ẹ̀pà gbígbẹ dáadáa ni.

À bá máa ṣe fàájì níbẹ̀, àmọ́ Láwuyì gbé jìtá pupa rẹ̀ sókè, ó ní, "Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀." Mo nawọ́ sí kọ́kọ́rọ́ jìtá mi, mo dẹ okùn. Gbogbo wọn gbéra lọ sókè, àti ilé, àti ewúrẹ́, àti Láwuyì, èmi nìkan já bọ́ sílẹ̀.

Ilẹ̀ ti mọ́ nígbà tí mo lajú. Ìyàwó mi ń pè mí láti ìta.

"Bàbá Ìbídùn, ẹ wá wo ewúrẹ́ àwọn ará ẹ̀yìnkùlé. Olóyè ló ń jẹ."

Mo jáde. Ẹ rántí àwọn tí wọ́n wá lẹ bébà ìpolongo ìbò olóyè kan mọ́ ojú fèrèsé ìsọ̀ mi lọ́sẹ̀ tó kọjá, láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ewúrẹ́ fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjì dúró, ó ń fà á ya. Ó ti jẹ gbogbo oyè tó wà níwájú orúkọ ọkùnrin náà tán, ìmọ́lẹ̀ ti ń gba ibẹ̀ wọ orí tábìlì iṣẹ́ mi.

Ìyá Ìbídùn gbé ìgbálẹ̀, ó fẹ́ lé e.

Mo ní kó fi í sílẹ̀ ná. Ó ṣì ku orúkọ olóyè náà àti ti bàbá rẹ̀.